Eré Sísá Nínú Sítọ́ọ̀ Kòkó

Òórùn kòkó kì í kúrò lára símẹ́ńtì. Ó ti pẹ́ tí àpò tó kẹ́yìn ti jáde nínú sítọ́ọ̀ wa ní Oǹdó, síbẹ̀ bí oòrùn bá ti mú páànù gbóná lọ́sàn-án, òórùn náà á tún dìde láti ilẹ̀, á dùn, á korò díẹ̀, á dà bí ẹni pé ẹnì kan ń yan nǹkan nínú ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni. Inú òórùn yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí Oyèbọ́lá.

Ìgbà SÁÀPÙ ni, tí ìjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra. Ìjọba ti tú ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó ká, wọ́n ti dá gbogbo àwa tí a ń gbé àpò dúró. Èmi, Akíntóyè, nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ pé kí n máa ṣọ́ ilé òfo. Owó oṣù mi, bó bá wá lóṣù yìí, ó lè má wá lóṣù tó ń bọ̀. Mo ń mu gàrí, mo ń gbálẹ̀, mo ń bá àwọn àdán tó wà lókè àjà sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan wọlé tọ̀ mí wá. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó rìn láti ìpẹ̀kun ilé dé ìpẹ̀kun kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ohun tó ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje eré sísá abẹ́ òrùlé fún gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì Nàìjíríà, pé nílẹ̀ òkèèrè, inú ilé ni wọ́n ti ń sá a nígbà òtútù.

Mo ní, "Ṣé òtútù ń mú wa níbí ni?"

"Òjò ń pa wá, sítọ́ọ̀ yín sì ṣófo," ni ó dáhùn. "Ìyẹn náà tó."

Ilé náà gùn, àmọ́ kò gùn tó. Ẹni tó bá sáré dé okùn òpin kò ní rí àyè dúró kó tó kan ògiri, níbi tí ilẹ̀kùn irin ńlá wà, tí àwọn ìdè irin tí wọ́n fi ń tì í yọ ṣóńṣó síta. Kóòṣì ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo bá di èèpo kòkó gbígbẹ sínú àwọn àpò àtijọ́, mo sì tò wọ́n sí ẹsẹ̀ ògiri láti igun dé igun, wọ́n ga dé àyà ènìyàn.

Oyèbọ́lá, ọ̀kan lára àwọn eléré kóòṣì náà, ló kọ́kọ́ dán an wò. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré, nítorí bàtà eré tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn kò kárí. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ihò páànù wọlé, ó dúró gbọọrọ bí òpó lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó ń wọ inú ìmọ́lẹ̀, ó ń jáde, ó ń wọ̀ ọ́, ó ń jáde, títí ó fi rì sínú àwọn àpò mi tí eruku kòkó bò ó. Nígbà tó yọ orí, ojú rẹ̀ ti pupa bí ilẹ̀ oko.

"Ẹ̀yin lẹ tò ó?"

"Èmi ni."

"Ó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì họ́sítẹ́ẹ̀lì wa lọ."

"Mi ò sùn sórí bẹ́ẹ̀dì họ́sítẹ́ẹ̀lì rí," ni mo wí, "mi ò lè bá ọ jiyàn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gòkè lọ bá àwọn àdán, wọ́n sì fò yí ilé ká. Láti ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Gbogbo wọn ń pè é ní Bọ́lá Àkúrẹ́, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, mi ò sì bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Ó máa ń dé ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, a ó jókòó sórí àpò, a ó jọ mu gàrí nínú abọ́ kan. Ó ń sọ fún mi nípa àwọn ọmọ tí òun fẹ́ lọ kọ́ níwèé, pé òun kò ní na ẹnikẹ́ni. Òjò á máa rọ̀ sórí páànù, òórùn kòkó á máa dìde, ó sì máa ń ṣe mí bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi ni ilé náà, pé ó ti gbé àwa méjèèjì kúrò ní Oǹdó, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kí ló dé tí ẹ fi ilé ìwé sílẹ̀, Bùọ̀dá Tóyè?"

Mo sọ fún un. Kíláàsì karùn-ún ni mo wà. Tíṣà ní kí n kàwé sókè, ọ̀rọ̀ há sí mi lọ́fun. Ó wo gbogbo kíláàsì, ó ní, "Akíntóyè, orí tìrẹ, àpò kòkó ló wà fún." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àti àwọn tí kò mọ̀wé tó mi. Mo gba ojú fèrèsé jáde, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ohun tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé ó ṣẹ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé àpò kòkó, bí wọ́n bá ti gbé e lé mi lórí, ojú ọkùnrin yẹn ni mo máa ń rí. Mo búra pé àyà mi kò ní kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀ láéláé.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?" ni Oyèbọ́lá bèèrè.

"Kì í gba ẹnu mi."

Ó gba abọ́ gàrí lọ́wọ́ mi, ó fi omi díẹ̀ kún un, ó dá a padà fún mi. Ká ní mo dárúkọ ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn lọ. Àmọ́ mi ò dá a.

Nígbà tí ó yé wa pé a ò fẹ́ ya ara wa mọ́, Oyèbọ́lá ní Àǹtí Nímọ́tà ni yóò ṣe alárinà wa. Obìnrin yìí ń ránṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, òun ló ń rán ṣòkòtò péńpé tí àwọn eléré ń wọ̀, ó sì mọ Oyèbọ́lá láti kékeré. Ó wá wò mí ní Oǹdó bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó ní, "Ta ló rán èyí? Kí Ọlọ́run dárí jì í." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní mo ṣeé fọkàn tán, òun á lọ bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ìgbà tó padà wá, kò rẹ́rìn-ín.

"Tóyè, jókòó."

"Mo ti jókòó, Àǹtí."

"Tún jókòó dáadáa. Bàbá ọmọ yìí mọ̀ ẹ́."

"Èmi? Níbo?"

"Bí mo ṣe dárúkọ rẹ, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, 'Akíntóyè ọmọ Oǹdó? Èyí tó gba fèrèsé kíláàsì mi jáde?'"

Tíṣà Fọlárìn. Ọmọ Àkúrẹ́ tó wá ṣiṣẹ́ tíṣà ní Oǹdó nígbà náà, tó padà sílé rẹ̀ lẹ́yìn tó ti ba tèmi jẹ́. Òun ló bí Bọ́lá Àkúrẹ́.

Àǹtí Nímọ́tà ní ọkùnrin náà kò sọ pé rárá. Ohun tó sọ ni pé kí n wá, kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú òun, kí n ní kó má bínú pé mo fojú di òun lójú àwọn ọmọ kíláàsì. Lẹ́yìn ìyẹn, a lè sọ̀rọ̀ ìyàwó.

"Òun ni kó kọ́kọ́ bẹ̀ mí," ni mo wí.

Àǹtí Nímọ́tà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí! Bàbá ìyàwó ni kó bẹ ọkọ ìyàwó? Ṣé ìwọ ni wọ́n ń gbé níyàwó ni, Tóyè?"

"Kó bẹ̀ mí."

"Ó dáa. Màá sọ fún un pé kó wá mú owó orí rẹ wá."

Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, nígbà tí epo wọ́n tí àwọn èrò ń dúró sẹ́yìn lọ́rì bí igi ìdáná. Gbogbo ìgbà tó bá dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń gbé láti Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń gbé padà láti Oǹdó. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun gbé iṣu dání ni, ì bá ti jinná sí òun lọ́wọ́.

Nígbà ọyẹ́, mo lọ fúnra mi. Mo rò pé bí ó bá rí mi bí mo ṣe dàgbà, ojú á tì í. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, sà."

Kò gbójú sókè. "Ta ni ń kí mi láti òkè bí ẹni tó wà lórí igi ọsàn?"

"Akíntóyè ni, sà."

"Akíntóyè sọ̀ kalẹ̀, kí n lè gbọ́ ọ."

"Ẹ ń gbọ́ mi, sà."

Ó yí ojú ewé. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Ó kàwé títí ó fi ka ìpolówó ọjà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tán. Mo kúrò níbẹ̀, ẹnì kankan kò bẹ ẹnì kankan nínú wa.

Oyèbọ́lá sìn mí dé títì. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo Àkúrẹ́, àwọn òkè àpáta dà bí ẹni pé wọ́n ya àwòrán wọn sí òfuurufú, tí wọ́n wá ń fi ọwọ́ nù ún kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń sunkún kí a tó dé ibi ọkọ̀.

"Àwọn ará ilé Adéṣínà ń bọ̀ wá tọrọ mi," ni ó wí. "Lọ́jọ́ Sátidé tó bá tẹ̀lé ìdíje wa. Akọ̀wé ni ní ìjọba ìbílẹ̀. Bàbá ti dá wọn lóhùn."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Ó máa ń dọ̀bálẹ̀."

"Bọ́lá."

"Mo ti bẹ Bàbá, mo ti bẹ ẹ̀yin náà. Orúnkún mi ti bó." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Bí mo bá parí eré yẹn tí ẹ kò tíì bá Bàbá parí ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n bá dé, mi ò ní sọ pé rárá."

Mo gbìyànjú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Lọ́sàn-án, nígbà tí èmi nìkan wà nínú sítọ́ọ̀, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀, mo ń sọ àyà mi kalẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó kan símẹ́ńtì ni mo tún gbọ́ ẹ̀rín kíláàsì karùn-ún, mo sì dìde. Mo tún ṣe é. Mo tún dìde. Mo bi ara mi pé, irú ìfẹ́ wo ni èyí tí kò lè gbé àyà ọkùnrin dé ilẹ̀? Mo tún bi ara mi pé, irú ọkọ wo ni yóò kù fún obìnrin náà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ bá ti tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Mo mú ìgbálẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé. Wọ́n wá láti Kánò, láti Ẹ̀pẹ́, láti àwọn ìlú tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Àwọn mìíràn ti sùn lójú ọ̀nà nítorí epo. Ẹni méjì ń wọ bàtà kan, bí ọ̀kan bá sáré tán, á bọ́ ọ fún èkejì. Àwọn èrò kún ẹ̀gbẹ́ ògiri méjèèjì, wọ́n gun ara wọn léjìká. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, oòrùn sì ń ràn láàárín rẹ̀, ohùn gbogbo ènìyàn sì parapọ̀ di nǹkan kan tó ń yí ká nínú ilé, bí ohùn oyin nínú igi.

Mo dúró lẹ́bàá okùn òpin. Ibẹ̀ ni mo ti rí Tíṣà Fọlárìn. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò ní wá. Ó sì wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ tutù, ó ti dúró sẹ́yìn lọ́rì láti Àkúrẹ́. Kò ríbi jókòó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wọ́ àpò kan kúrò lára àwọn tí mo tò sí ògiri, ó tì í sápá kan, ó sì jókòó lé e.

Mo rí i. Mo sọ nínú ara mi pé, ẹ wò ó, ó jókòó lé àpò mi. Inú mi dùn díẹ̀. Ìbínú kì í jẹ́ kí ènìyàn ríran dáadáa, ibi tó jókòó ni mo ń wò, mi ò wo ibi tó ti fa àpò náà yọ.

Wọ́n pe àwọn obìnrin tó ń sá ìpele àṣekágbá. Oyèbọ́lá wà láàárín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó gbé orí sókè, ó wò mí láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò mọ ohun tí ojú mi sọ fún un. Wọ́n fọn fèrè.

Gbogbo ilé dìde. Tíṣà náà dìde, ó na ọrùn kó lè rí ọmọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àlàfo tó wà lára ògiri, tààrà níwájú Oyèbọ́lá, àti ìdè irin tó yọ jáde níbẹ̀, ó rí ṣóńṣó, ó ń dán nínú ìmọ́lẹ̀.

Wọ́n ní eré náà yá kánkán. Lójú tèmi, kò yá. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i tó wọ inú ìmọ́lẹ̀ tó jáde, tó tún wọ̀ ọ́. Òórùn kòkó dìde, ó kún mi nímú, ariwo gbogbo sì lọ jìnnà bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mo ti ń sáré. Mo ju ara mi sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti àpò tí Tíṣà dìde lórí rẹ̀, ó yọ̀ lórí símẹ́ńtì, ó wọ inú àlàfo náà. Oyèbọ́lá já okùn, ó sì rì sínú rẹ̀.

Àyà mi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ohun tí mo rí níwájú mi ni bàtà Tíṣà Fọlárìn.

Ẹnì kan pariwo láàárín èrò pé, "Ó ti dọ̀bálẹ̀ o! Akíntóyè ti dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀!" Àǹtí Nímọ́tà ni. Ó ti ń jó. Gbogbo Oǹdó tó mọ ọ̀rọ̀ wa bú sí ẹ̀rín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn ará Kánò tí kò mọ nǹkan kan náà ń pàtẹ́wọ́.

Mo gbé ojú sókè díẹ̀. Tíṣà ń wo àpò. Ó wo ibi tó ti jókòó. Ó wo ìdè irin. Ó wá wo ọmọ rẹ̀ tó ń húkọ́ nínú eruku, tí ara rẹ̀ le. Ó mọ̀. Mo rí i pé ó mọ̀ dájú pé kì í ṣe òun ni mo wólẹ̀ fún.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó sì sọ̀rọ̀ sókè bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì.

"Dìde, ọmọ Oǹdó. Mo ti gbà."

Mo la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni. Oyèbọ́lá ń wò mí láti inú àwọn àpò, eruku wà lára ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo pa ẹnu dé.

"Ẹ ṣé, sà," ni mo wí.

Ipò kejì ni Oyèbọ́lá ṣe. Wọn kò ráyè fún ẹni tó ṣe ìkíní.

Àwọn ará ilé Adéṣínà kò wá ní Sátidé yẹn, àwọn tèmi ló lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó wá dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí, Tíṣà gbé ọwọ́ sókè. "Èyí ti ṣe tirẹ̀ lójú gbogbo Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ kó jókòó." Wọ́n yìn ín pé onínúure ni. Mo jókòó.

Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni a kọ́lé sí, ibẹ̀ la sì bí Ọpẹ́ sí. Oyèbọ́lá ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, kò sì na ẹnikẹ́ni. Ó máa ń bi mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá ń di irun lọ́wọ́, pé, "Ẹ sọ òtítọ́. Ṣé àpò lẹ bẹ́ lé lórí ni àbí Bàbá lẹ dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Àpò ni."

"Háà, Bàbá Ọpẹ́!" Á fi kóòmù lù mí léjìká.

Èmi àti bàbá rẹ̀ kò jà mọ́. A kò sì parí rẹ̀. Mo ń kí i ní ìdúró, ó ń dá mi lóhùn ní ìjókòó, bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tó sì fọ́ pátápátá. A mú un wá sọ́dọ̀ wa. Lójoojúmọ́, mo ń dì í lọ́wọ́ mú lọ síta kí oòrùn kàn án lára.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ń fẹ́, àwa méjì nìkan la jókòó. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ọ̀nà sá kòkó, òórùn rẹ̀ fẹ́ wá bá wa.

Ó ní, "Akíntóyè, èmi ni mo yọ àpò lọ́jọ́ ìdíje."

"Mo mọ̀, sà."

"O kò sọ fún Oyèbọ́lá."

"Ẹ̀yin náà kò sọ fún un pé mi ò dọ̀bálẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Nígbà tó dákẹ́, ó wá ọwọ́ mi, ó rí i, ó dì í mú. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ kejì sókè, ó fi bà mí lórí, ó rọra fi yí i ká, bí ẹni tó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Orí yìí," ni ó wí, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé mo ti gbàgbé fèrèsé yẹn. Mo ṣì lè mú yín débẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oyèbọ́lá ti lọ sí ilé ìwé. Ilé dákẹ́. Bàbá jókòó sí ààyè rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ojú afọ́jú rẹ̀ sí ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò wò mí. Mo rọra bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀, mo sọ àyà mi kalẹ̀ títí ó fi kan símẹ́ńtì.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó dẹ etí sílẹ̀.

"Akíntóyè."

"Sà."

"Ohùn rẹ kò wá láti òkè lónìí."

"Bọ́tìnnì mi ló já bọ́, sà. Mo ń wá a."

"Háà. Rọra wá a." Ó yí ojú sápá kan, bí ẹni tí kò fẹ́ rí mi. "Àmọ́ ilẹ̀ tutù o. Má pẹ́ níbẹ̀."

Mo pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.